Awọ ojú àwọn ọmọ tó ń bàlágà: kí la ó kọ́ wọn, kí la ó gbà lọ́wọ́ wọn?

ÌyáỌmọge_Sùúrùlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa láti ọdún 11 sí 17 ni mo gbé wá. Lóde òní, ọmọ tí kò tíì parí JSS2 ti mọ orúkọ ìpara mẹ́jọ lórí TikTok, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa fọ aṣọ ìrọ̀rí òun. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tó dájú jọ síbí: kí ni ọmọ yóò máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́, báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó, kí ló ń bà á jẹ́, kí sì ni kò gbọdọ̀ kan ojú wọn rárá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni kó dá sí i o. Ẹ má fi "wọ́n ní, wọ́n ní" kún un.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìrorẹ́ jẹ́, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tí ọmọ bá ń bàlágà, họ́mọ́ònù á mú kí àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe òróró lábẹ́ awọ ojú, àyà àti ẹ̀yìn máa tú u jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Awọ tó ti kú, tó yẹ kó re dànù, á lẹ̀ mọ́ òróró náà, á dí ẹnu ihò irun. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ti ń gbé lára gbogbo wa tẹ́lẹ̀, Cutibacterium acnes, á wá gbilẹ̀ nínú ihò tó dí yẹn, ibẹ̀ á wú, á máa dunni, á gba ọyún. Lára aláwọ̀ dúdú, wíwú yẹn kì í pọ́n bíi ti inú ìwé òyìnbó. Ẹ óò rí i tó dúdú tàbí tó ṣe bí àwọ̀ elésè àlùkò.

Orí dúdú tí ẹ ń rí lórí ìrorẹ́ kan kì í ṣe ìdọ̀tí. Òróró àti awọ tó pàdé afẹ́fẹ́ ló dúdú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọmọ pé "o ò fọjú dáadáa ni". Ọmọ tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún á gbé kànrìnkàn, á máa ha ojú lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ojú á bó, ìrorẹ́ á sì pọ̀ sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó láti fọ ojú: tó bá jí, àti kó tó sùn. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù, tàbí tó jókòó nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba títí òógùn fi bò ó, omi lásán ni kó fi ṣan ojú, kó má tún fi ọṣẹ kún un. Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ fọ̀. Kó bu omi sójú, kó ho ọṣẹ ní àtẹ́lẹwọ́, kó fi orí ìka yí i kiri fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí wọ́n máa ń fò dá ni ẹ̀bá irun, abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ imú. Kó ṣan án títí ojú kò fi ní yọ̀ mọ́, kó wá fi aṣọ ìnura tẹ omi gbẹ. Kó má nù ún bí ẹni ń nu tábìlì.

Omi wa nílùú yìí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Níbi tí omi kànga tàbí bọ́họ́ọ̀lù bá ti ní iyọ̀ tàbí irin, ọṣẹ ìdì kì í hó, ó sì máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ tó ń mú ojú fà. Ọṣẹ ojú olómi dára jù níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí ọmọ fi ìdajì píọ̀ wọ́tà kan ṣan ojú kẹ́yìn.

Àwọn ohun tí kì í wá síni lọ́kàn: aṣọ ìrọ̀rí, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Aṣọ ìnura ojú, kó jẹ́ ti ọmọ nìkan, kó máa gbẹ nínú oòrùn, kì í ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Kànrìnkàn wà fún ara, kò wà fún ojú. Bí ìrorẹ́ bá tò sí iwájú orí àti ẹ̀bá irun nìkan, ìpara irun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di irun máa ń ṣàn wálẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Kí wọ́n fi í sí àárín orí, kó jìnnà sí iwájú orí ní ìbú ìka méjì, kí wọ́n sì wé orí kí wọ́n tó sùn. Ìborùn hijab àti okùn ìborí eléré ìdárayá náà, ẹ máa fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Òógùn tó pàdé ohun tó ń fi ara ha ara ń bí ìrorẹ́ tirẹ̀.

Apòògùn_Yábàá

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí Nọ́ọ̀sì pátápátá. Ẹ jẹ́ n sọ ti ohun tí à ń rà.

Ọmọ tí kò ní ìrorẹ́ kò nílò ju ohun mẹ́ta lọ: ọṣẹ ojú tí kò le, ìpara tó fúyẹ́ tí wọ́n kọ "non-comedogenic" (ìyẹn ni pé kì í dí ihò awọ) sí lára, àti ìpara tó ń gba oòrùn ní ọ̀sán. Àwọn ìgò kéékèèké yòókù, òwò ni wọ́n. Ìpara tí wọ́n ṣe fún ìyá ẹni ọdún 50 tó fẹ́ kí ojú òun má hunjọ, kí ni ọmọ ọdún 12 fẹ́ fi ṣe? Retinol àti áásìdì alágbára a máa bó ojú àwọn ọmọdé, á mú un jó, láìsí èrè kankan.

Ọmọ tó bá ní ìrorẹ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ olórí dúdú àti wẹ́wẹ́ tí kò gba ọyún ló pọ̀ jù, salicylic acid 2% nínú ọṣẹ ojú tó. Bó bá jẹ́ èyí tó ń wú tó sì ń gba ọyún, benzoyl peroxide 2.5%. Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà tan yín lórí 10% o. Èyí tó kéré yẹn ń ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kì í sì í jóni tó o. Fún ọmọ tó ti tó ọdún 12, adapalene 0.1% náà wà, ó ń ṣí ihò tó dí, ṣùgbọ́n alẹ́ nìkan ni wọ́n ń lò ó. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ìrorẹ́ ló ṣòro fún àwọn ọmọ. Kí ọmọ fọ ojú, kó dúró bí ìṣẹ́jú 10 títí ojú á fi gbẹ. Ohun tó máa fún sí orí ìka kò gbọ́dọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ fún gbogbo ojú. Kó tọ́ ọ sí ibi márùn-ún: iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, imú, àgbọ̀n. Kó wá fi pa gbogbo ibi tí ìrorẹ́ máa ń wà, kì í ṣe orí ìrorẹ́ nìkan, torí èyí tí ń bọ̀ lọ́nà là ń dènà. Kó yẹra fún ẹyinjú, ètè, àti ìsàlẹ̀ ihò imú. Kó wá fi ìpara rẹ̀ tó fúyẹ́ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó máa dá ọjọ́ kan sí láàárín. Tí ojú kò bá jó, kó wá máa lò ó lálaalẹ́.

Benzoyl peroxide máa ń bó àwọ̀ aṣọ. Yunifọ́ọ̀mù, ìrọ̀rí aláràbarà, aṣọ ìnura ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ló lè di alábàwọ́n. Aṣọ ìrọ̀rí àti aṣọ ìnura funfun ni kí ọmọ máa lò.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù: ọmọ á lò ó ní ọjọ́ mẹ́ta, kò ní rí ìyàtọ̀, á pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni, kò sí ọ̀nà àbùjá. Adapalene tiẹ̀ lè mú kí ìrorẹ́ yọ sí i ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà sá. Èkejì, wọ́n á kó salicylic, benzoyl àti iyanrìn ìfọjú pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ojú á jó bí ata, á máa bó, wọ́n á ní "oògùn ti ń ṣiṣẹ́". Irọ́ ni o, ojú ti fọ́ nìyẹn. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró fún ọjọ́ márùn-ún, ìpara tó fúyẹ́ nìkan, kẹ́ ẹ wá padà síbi ọjọ́ kan nínú mẹ́ta.

ÌyáỌmọge_Sùúrùlérè

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ilé tí kò sí i kò pọ̀.

AlásèỌṣẹ_Múṣin

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀, mà. Eérú èèpo kòkó tàbí eérú igi, tí a sẹ́ omi rẹ̀, la fi ń se àdín tí ọṣẹ fi ń di ọṣẹ. A kì í fi òṣùwọ̀n mọ bí omi eérú ṣe le tó, ojú àti ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ òní fi lè ta ojú tí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò sì ta á. Ẹ má ṣe mú ìṣù rẹ̀ ra ojú, torí èérún eérú inú rẹ̀ lè ha awọ. Ẹ gé èyí tó tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ pò ó mọ́ omi lọ́wọ́ títí á fi di ìfófòó, ìfófòó yẹn ni kẹ́ ẹ fi pa ojú. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní inú ìgúnpá fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ta á, ó le jù nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ti po nǹkan mọ́ ní ọjà, tó ń rùn bíi tọ́ọ̀fì, tí wọ́n ní ó ń "fọ àwọ̀ mọ́ láàárín ọjọ́ méje", kì í ṣe ọṣẹ dúdú mọ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó fi sí i. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kọjá lọ.

Apòògùn_Yábàá

Bàbá Ọlọ́ṣẹ, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi kún un. pH (òṣùwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe le bí omi eérú hàn) awọ ènìyàn wà ní nǹkan bíi 5, ọṣẹ dúdú wà ní 9 sí 10. Awọ á gbìyànjú láti padà sípò, ó sì ń ṣe é, àmọ́ ti ojú tí ìrorẹ́ ti wà tàbí tí à ń fi benzoyl pa, ìnira méjì ló di lé ara wọn. Ẹ lò ó fún ara, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, tí ojú kò bá fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn ìrorẹ́, ẹ gbé ọṣẹ dúdú kúrò lójú.

AlásèỌṣẹ_Múṣin

Mo gbà. Òrí náà ẹ má fi pa ojú tó ń yọ òróró, ìgúnpá, orúnkún àti gìgísẹ̀ ni tirẹ̀. Òróró àgbọn lójú onírorẹ́ burú ju òrí lọ, ó ń dí ihò gan-an.

OníṣègùnAwọ_Mainland

Ẹ̀yin òbí, ohun tó ń ba awọ àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́ jù nílùú Èkó kì í ṣe ìrorẹ́. Ìpara tí wọ́n fi ń lé ìrorẹ́ ni. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Àwọn túùbù kéékèèké wà ní kẹ́míìsì àti lórí àtẹ ní Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n kó oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú ìkan: ti kòkòrò, ti làpálàpá, àti sítẹ́rọ́ìdì (oògùn tó jọ họ́mọ́ònù ara, tó ń mú wíwú lọ). Sítẹ́rọ́ìdì yẹn ló léwu. Ẹ kọ́ ọmọ láti wá àwọn orúkọ yìí lára páálí: clobetasol, betamethasone, fluocinonide, triamcinolone, dexamethasone. Ẹ jẹ́ kó kọ wọ́n sínú fóònù rẹ̀. Oògùn gidi ni wọ́n, a ń kọ wọ́n fún àìsàn awọ kan fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò wà fún ojú onírorẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń tanni jẹ ni pé ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú á dán, wíwú á lọ, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọmọ á rò pé òun ti ríṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ á tín-ín-rín, iṣan á máa hàn lábẹ́ rẹ̀, irun á hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin, ìrorẹ́ wẹ́wẹ́ á tò yí ẹnu ká. Bó bá fi pa ara, awọ itan, abíyá àti ọmú á ya ní ìlà-ìlà, ìlà yẹn kì í sì í lọ mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé làpálàpá ló ní tẹ́lẹ̀, etí rẹ̀ tó máa ń hàn roboto á pòórá, kò ní yún un mọ́, ṣùgbọ́n á máa tàn lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi gba gbogbo ẹ̀yìn. Tó bá wá dá a dúró, ojú á wú padà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, á sì sáré padà sídìí túùbù. Bí wọ́n ṣe ń di ẹrú rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ tó bá ti ń fi pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀, ẹ má ṣe já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn pẹ̀lú túùbù náà. Ara lè ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe irú họ́mọ́ònù yẹn fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la sì ń mú un kúrò.

Ìpara bíbó àwọ̀ ni èkejì. Orúkọ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún: tónìn-ìn, gílóò, káráméèlì. Mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì tí mo ti sọ. Hydroquinone, tí lílo rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú bí aró, tí kò sì sí ohun tó ń tètè pa á rẹ́. Mákíúrì, tó ń ba kíndìnrín àti iṣan ọpọlọ jẹ́, tó sì ń gba ara aṣọ ìnura dé ara ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé. Lára páálí, wọ́n lè kọ ọ́ bíi mercury, calomel, mercurous chloride tàbí ammoniated mercury. Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mákíúrì, ti fi òfin de mákíúrì nínú ìpara bíbó àwọ̀, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i.

Èyí tí wọ́n ń pò nínú ìkòkò, tí wọ́n ń rọ sínú rọ́bà lásán ní Balógun tàbí tí wọ́n ń gbé wá sílé fúnni láti orí Instagram, mi ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó pò ó pàápàá lè má mọ̀, torí òun náà ra túùbù pò mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ "organic" tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà NAFDAC, ẹ máa wò ó, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé túùbù clobetasol náà lè ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà ń sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n, kò sọ pé ojú ọmọ yín ló wà fún.

Tíṣà_ÈbúteMẹ́ta

Ẹ ṣeun, Dókítà. Lórí bí a ṣe lè kọ́ wọn, èyí ló ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì. Ẹ kó páálí òfo márùn-ún jọ, ọṣẹ méjì, ìpara mẹ́ta, kí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú ọ̀kan. Ẹ pín àwọn ọmọ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ohun mẹ́rin: àwọn èròjà, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é. Wọ́n máa ń rí sítẹ́rọ́ìdì náà fúnra wọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò sì ní gbàgbé mọ́. Èèyàn lè sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má wọ̀ wọ́n létí.

Ẹ má fi ojú ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ ní gbangba. "Wo ojú rẹ bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n ń sọ nílé, òun ló ń rán ọmọ lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ẹ sì má yọ àwọn ọkùnrin sílẹ̀, wọ́n máa ń díbọ́n pé kò kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìrorẹ́ tó le jù, àwọn ló sábà ń kọ lù.

Nílé, ẹ jẹ́ kí ọmọ ya àwòrán ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, ní àárọ̀, láìfi fílítà sí i. Ojú ẹni ojoojúmọ́ kì í rí ìyàtọ̀, àwòrán máa ń fi hàn.

Agẹrun_Bàrígà

Ẹ jẹ́ n sọ ti àwọn ọkùnrin. Kókó tó ń tò sí ẹ̀yìn ọrùn, tó ń le tó sì ń di àpá wíwú, irun tí a gẹ̀ jù ló ń fà á. Irun tó ká kò lè jáde tààrà, á gún awọ padà. Ẹ sọ fún agẹrun yín pé kó má lọ sísàlẹ̀ ju gáàdì nọ́ńbà 1 lọ lẹ́yìn ọrùn, kó má fi abẹ fá etí rẹ̀, kó má tẹ kílípà padàséyìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta síbì kan. Kọ́là yunifọ́ọ̀mù tó fún ń dá kún un.

Kílípà: kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gba irun kúrò, torí spírítì kì í wọ abẹ́ irun àti ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ni kó fi spírítì rin eyín rẹ̀ dáadáa, kó dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Kẹrosíìnì kì í pa kòkòrò. Iná ìṣáná tí a ń fi kọjá lára eyín ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àfihàn ni. Kílípà tirẹ ló dára jù. Fóòmù tí wọ́n fi ń gba àtíkè sí gbogbo ọrùn, ẹ kọ̀ ọ́, ọrùn ogún èèyàn ló ti kọjá.

Irùngbọ̀n àkọ́kọ́: kí ọmọ má kánjú fá a. Tó bá di dandan, kó fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kó fá a síbi tí irun kọjú sí, kó má fi ọwọ́ fa awọ, kó má sì fá ibì kan lẹ́ẹ̀mejì.

ÌyáỌmọge_Sùúrùlérè

Àpá dúdú tó ń kù lẹ́yìn ìrorẹ́ ńkọ́? Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ̀pà ni gbogbo màmá ń dá lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà

Ẹ̀pà kò ṣe nǹkan kan tí a lè tọ́ka sí, mà, epo pupa náà kò jẹ̀bi. Ohun tó ní ẹ̀rí díẹ̀ lórí àwọn ọmọ kan ni ṣúgà àti oúnjẹ tó ń tètè di ṣúgà lára: mínírà, púfùpúfù, búrẹ́dì funfun, àti mílíìkì. Ẹ dín in kù fún oṣù méjì, ẹ wò ó. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó jẹun.

Àpá dúdú kì í ṣe ọgbẹ́. Àwọ̀ ara ló pọ̀ jù síbi tó wú, ọ̀pọ̀ oṣù ló sábà ń gbà kó tó lọ, tí a kò bá tún fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìrorẹ́ títẹ̀ ń mú kó pẹ́, ní ìdílé tí àpá ti ń wú, ó lè di kélóìdì. Ọsàn wẹ́wẹ́ lórí àpá tó sì lọ dúró sínú oòrùn, ó lè jó awọ tó fi máa yọ omi. Ọṣẹ eyín náà ń jó. Àti o, kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tú sórí ọgbẹ́, ẹ fi sílẹ̀, kò wo ìrorẹ́, ó ń kọ́ kòkòrò láti gbójú gan-an sí oògùn ni.

Oòrùn ló ń mú àpá pẹ́ jù. Ìpara tó ń gba oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà oòrùn) sókè sí lára, ìwọ̀n ìlà ìka méjì (ìka ìtọ́kasí àti ti àárín) fún ojú àti ọrùn, ìṣẹ́jú 15 kó tó jáde. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá tàbí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, kó tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Èyí tó ní zinc oxide máa ń mú ojú funfun bí ẹfun, wọ́n á ní àwọn ò lò ó mọ́. Ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ díẹ̀ nínú.

Ọmọ àfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. SPF 50 lójoojúmọ́, fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò, aṣọ alápá gígùn, kí tíṣà má fi í jókòó síbi fèrèsé, kó má sì dúró nínú oòrùn nígbà àpéjọ àárọ̀. Ọgbẹ́ yòówù tí kò bá jinná láàárín oṣù kan, ilé ìwòsàn tààrà.

OníṣègùnAwọ_Mainland

Mo fara mọ́ ọn. Ohun tó ju ilé lọ: ìrorẹ́ tó rì sísàlẹ̀, tó le, tó ń dunni, tó ń fi ihò sílẹ̀, oṣù mẹ́ta tí kò sí ìyàtọ̀, ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irun sì ń hù sí àgbọ̀n rẹ̀, ọmọ tó ń sá fún ilé-ìwé nítorí ojú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka awọ, LUTH (ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó) ní ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó ti ń lò wá, ẹ má fi ìkankan pamọ́. Isotretinoin, oògùn ìrorẹ́ alágbára tí wọ́n ń gbé mì, tí wọ́n ń sọ lórí TikTok, wà lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba oyún jẹ́ gan-an, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ọmọ. Ẹ má rà á fúnra yín.

ÌyáỌmọge_Sùúrùlérè

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Àwọn tó ń padà sí bọ́dìn ńkọ́? Kí ni kí á kó fún wọn?

Tíṣà_ÈbúteMẹ́ta

Ọṣẹ ojú olómi nínú rọ́bà tí kò fani mọ́ra (ìgò tó dán ni wọ́n ń jí), ìpara kan, SPF kan, oògùn ìrorẹ́ bí ó bá ní, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ìlò rẹ̀ sí fún nọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Aṣọ ìnura ojú mẹ́ta kéékèèké, aṣọ ìrọ̀rí mẹ́rin, kó lè pààrọ̀ lọ́sẹ̀ bí kò bá tiẹ̀ fọ̀. Kànrìnkàn tirẹ̀ pẹ̀lú okùn, kó lè so ó kọ́ síta. Abẹ ìfárun kankan kò gbọdọ̀ wà tí ẹlòmíì lè yá. Ẹ fi okùn pupa kọ orúkọ sí etí aṣọ ìnura, kì í ṣe bírò, torí bírò á ṣá lẹ́yìn fífọ̀ kejì, ẹlòmíì á sì bẹ̀rẹ̀ sí fi nu ojú tirẹ̀.